Ọdún Tí A Ń Tẹ́ Ẹní fún Ara Wa

Ọdún tí kòrónà rọlẹ̀, tí wọ́n ṣí ilé ẹ̀kọ́ padà, ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Mo wà ní ọdún kẹta nínú ọgbà yunifásítì kékeré kan lẹ́yìn Ìgándò, níbi tí èéfín ààtàn Solous ti máa ń wọlé wá jókòó tì wá nínú kíláàsì. Láìpẹ́ yìí, àwọn tó ń ṣe olórí akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ wá bá mi nílé ìwé tí mo ti ń ṣe tíṣà ní Ẹ̀gbẹ́dá. Wọ́n ní àwọn fẹ́ dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì yóò ti máa fikùn lukùn, wọ́n sì ti gbọ́ pé irú rẹ̀ wà láyé tèmi. Láyé tèmi! Mi ò tíì lọ́kọ, wọ́n ti sọ mí di ìyá àgbà. Mo ṣèlérí pé n óò kọ ohun tí mo rántí sílẹ̀ fún wọn. Ẹni tó bá ń retí orin ìṣẹ́gun, kó yáa dìde. A pàdánù ni.

Gbọ̀ngàn kan ṣoṣo ló wà nínú ọgbà wa nígbà náà tó lè gba èrò. Páànù rẹ̀ ti dípẹtà, fèrèsé méjì ò ní gíláàsì, ṣùgbọ́n òun náà la ní. Àwọn Mùsùlùmí ń kírun Jímọ̀ níbẹ̀, àwọn Kìrìsìtẹ́nì ń ṣe ìsìn níbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Àwọn ti Jímọ̀ nílò ilẹ̀ gbalaja tí wọn ó tẹ́ ẹní sí, àwọn ti ọjọ́ Àìkú nílò àga. Lórí ẹní àti àga yìí ni wọ́n ti ń fajú ro sí ara wọn kí n tó dé ibẹ̀. Bó bá di Jímọ̀, àga á kún inú ilé, kò sẹ́ni tó máa kó o. Bó bá di ọjọ́ Àìkú, wọ́n á bá àga náà níta níbi tí wọ́n kó o dà sí, ìrì á ti sẹ̀ sí i lára.

Ní Jímọ̀ kan, ẹgbẹ́ àwọn Kìrìsìtẹ́nì ń gbààwẹ̀ nínú gbọ̀ngàn yìí, wọ́n sì ní àwọn ò lè dìde kí àdúrà tó parí. Àwọn Mùsùlùmí kírun lórí koríko, èéfín ń ta wọ́n lójú. Èmi ni mo ń rí sí ìgbáyégbádùn nínú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ni mo bá lọ bá olórí wọn, Sàkírù, láti bẹ̀ ẹ́. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sí Ṣáṣá ni. Bàbá rẹ̀ ń ṣe wẹ́dà ní Akọ́wọnjọ, ìyá rẹ̀ ń rán hìjáàbù. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kì í pariwo.

Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Màá bá àwọn Kìrìsìtẹ́nì sọ̀rọ̀.”

“Ṣebí Kìrìsìtẹ́nì nìwọ náà?”

“Èmi kẹ̀? Ọmọ Aládùúrà ni mí jàre. Wọn ò kà mí mọ́ ara wọn.”

Ó bú sẹ́rìn-ín. Mo bá a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò dùn mọ́ mi nínú. Ìjọ aláṣọ funfun kan ní Ìkòtún ni wọ́n bí mi sí. Ìyá mi kì í wọ bàtà bí wọ́n bá ti wọ sùtánà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ wọ yunifásítì, tí mo lọ darapọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ Kìrìsìtẹ́nì, arábìnrin kan béèrè ìjọ mi. Mo sọ ọ́ fún un. Ó ní kí n wá ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, kí wọ́n lè gbàdúrà ìtúsílẹ̀ fún mi. Mi ò lọ. Síbẹ̀, mo fẹ́ kí wọ́n kà mí mọ́ wọn, ó ń wù mí gan-an ni. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni mo ti ṣubú.

Olórí ẹgbẹ́ náà ni Tósìn, tí gbogbo ọgbà ń pè ní Brọ̀dá Tósìn. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ó láàánú, ó sì mọ ọ̀rọ̀ sọ. Mo mú òun àti Sàkírù jókòó lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ilé ìkówèésí. Wọ́n kọ́kọ́ jà. Ìgbà tó rẹ̀ wọ́n ni Sàkírù mú àbá kan wá tí ẹnì kankan ò ronú kàn rí.

Ó ní, “Ohun tó ń bí wa nínú ni pé olúkúlùkù ń kó ẹrù ẹlòmíì dànù kó tó ráyè ṣe tirẹ̀. Ẹ jẹ́ ká yí i padà. Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ẹ̀yin Kìrìsìtẹ́nì ẹ wá kó àga yín, kí ẹ tẹ́ ẹní sílẹ̀ dè wá. Nírọ̀lẹ́ Sátidé, àwa ó wá ká ẹní wa, a ó to àga dè yín.”

Tósìn wò ó títí. “Ká máa tẹ́ ẹní ìrun?”

“Ẹní ni, Brọ̀dá Tósìn. Kò ní bù yín jẹ.”

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, èèyàn mẹ́rin péré ló wá bá wa tẹ́ ẹní, wọ́n sì dojú ẹní kọ ibi tí kò yẹ. Sàkírù ní láti fi ẹfun fa ìlà sílẹ̀ kí wọ́n lè mọ ìhà kíbílà. Kó tó di pé ọdún yí, àwọn ọmọ Tósìn ti mọ̀ ọ́n lójú dídì. Àwọn ọmọ Sàkírù náà mọ iye àga tí ẹgbẹ́ akọrin ń lò, wọ́n tún ń bá wọn nu eruku orí àga ìwàásù. Wọ́n ń pe Tósìn ní Àlájì, wọ́n ń pe Sàkírù ní Pásítọ̀. Bí ẹnì kan bá ṣàìsàn, tí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù ní Ìgándò, ẹ ó rí hìjáàbù àti Bíbélì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì kan náà. Ọdún kan gbáko nìyẹn. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ó ṣẹlẹ̀ o, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ fún yín pé kò ṣeé ṣe.

Ohun kan tó kù ni ọ̀rọ̀ àdúrà. Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe ìpàdé nílẹ̀ wa: Kìrìsìtẹ́nì á ṣí i, Mùsùlùmí á pa á dé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe nínú ọgbà wa láti ìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀, gbogbo ayé sì gbà pé ó dọ́gba. Sàkírù ló là mí lójú.

Ó ní, “Fúnmi, ṣé o ti wo àdúrà ìparí dáadáa rí? Bí wọ́n bá ń ṣe ti ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo èèyàn á dìde, wọ́n á dijú. Bó bá kan tiwa, wọ́n ti ń wá bàtà wọn, wọ́n ti ń gbé báàgì. Ẹ̀yìn èèyàn là ń ṣàdúrà fún.”

Láti ọjọ́ náà ni a ti kọ ọ́ sínú ìwé ìgbìmọ̀ àwa mẹ́ta pé ṣe la ó máa ṣe é ní pàṣípààrọ̀. Bí Kìrìsìtẹ́nì bá ṣí ìpàdé kan, Mùsùlùmí ni yóò ṣí èyí tó tẹ̀ lé e. Tósìn fọwọ́ sí i, èmi náà fọwọ́ sí i.

Ọ̀gá tuntun dé sí ọgbà wa. Kò pẹ́ tí wọ́n fi lẹ ìwé mọ́ ara gbọ̀ngàn pé wọ́n fẹ́ tún un ṣe di ibi ayẹyẹ tí àwọn ará ìta á máa lò, àti pé kí àwọn ẹlẹ́sìn wá ibòmíì. Wọn ò sọ ibi tí ibòmíì wà. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ lẹ́tà kan ṣoṣo, a fọwọ́ sí i lẹ́sẹẹsẹ, a sì fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dá yọ orúkọ tirẹ̀ kúrò. Bí wọ́n bá bá wa ní mẹ́ta, wọn ò ní lè mú ẹnì kan ṣe ẹran ìbọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, wọn ò fèsì. Èmi ni mo wá dábàá pé ká lọ jókòó sẹ́nu géètì. Èmi ni o. Sàkírù tiẹ̀ kọ́kọ́ ní ká ṣì ní sùúrù.

Ní Ọjọ́rú tí a mú, mo ti ba nǹkan jẹ́ kí a tó jókòó. Tósìn pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láàárọ̀. Ó ní àwọn ọmọ òun pọ̀ ju ti Sàkírù lọ níbẹ̀, àwọn kan sì ti ń kùn pé àwọn ò ní jẹ́ kí Mùsùlùmí ṣí irú nǹkan ńlá báyìí. Àwọn Mùsùlùmí ló sì kàn nínú ìwé.

Mo ní, “Ẹ jẹ́ kí èmi ṣí i nígbà náà. Èmi kì í ṣe ti ẹnì kankan.”

Ó fi sùúrù wò mí. “Sista Fúnmi, ẹ má bínú. Àwọn kan ò ní ṣe àmín sí i. Ẹ mọ ìjọ tí ẹ ti wá.”

Ó yẹ kí n sọ fún Tósìn níbẹ̀ pé ohun tí a kọ la kọ. Dípò bẹ́ẹ̀, Sàkírù ni mo lọ bẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò ju pé Sàkírù fẹ́ràn mi lọ, ó rọrùn láti fi ẹni tó fẹ́ràn ẹni rúbọ. Lọ́dọ̀ Tósìn ni mo ti ń wá ojú rere.

“Sàkírù, ti òní nìkan. Kí àwọn ọmọ Tósìn ṣí i, kí o pa á dé. Bí wọ́n bá lọ, kò ní ku èèyàn tó tó láti di géètì.”

Ó ní, “Àwọn ọmọ mi á bi mí o.”

“Jọ̀ọ́, Sàkírù. Nítorí tèmi.”

“Nítorí tìẹ,” ló wí.

Kìrìsìtẹ́nì ṣí i. Àwọn Kìrìsìtẹ́nì ló ru ẹní wá, àwọn Mùsùlùmí ló ru àga wá, nítorí ohun tí ọwọ́ kálukú ti mọ́ nìyẹn. Ìgbà tí a ní ká jókòó ni a rí i pé Kìrìsìtẹ́nì wà lórí ẹní, Mùsùlùmí wà lórí àga. Ẹ̀rín pa wá, títí kan àwọn ọlọ́kadà tó dúró ń wòran. Bí ayọ̀ kan bá wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, wákàtí yẹn ni.

Nígbà tó di ọ̀sán, ọ̀gá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ jáde sí wa. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, “Ẹ̀yin mẹ́ta, ẹ wọlé ká sọ̀rọ̀. Kí àwọn yòókù máa lọ sí kíláàsì wọn. A kì í ṣe ọ̀tá yín.” Ariwo ayọ̀ sọ. Wọ́n ti ń ká ẹní, wọ́n ti ń gbé àga. Sàkírù dìde, ó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sẹ́nu, ó ní, “Bísímílà.” Kò sẹ́ni tó dúró. Ọ̀gá yẹn ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo fa Sàkírù láṣọ.

Mo ní, “Jẹ́ ká máa lọ. Wọ́n ń dúró dè wá.”

Ó gbé ẹ̀rọ náà sílẹ̀. Nínú ọ́fíìsì, wọ́n fún wa ní omi tútù, wọ́n ní àwọn yóò rò ó. Ìyẹn nìkan la rí gbà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Ọjọ́bọ̀, a lọ tẹ́ ẹní. Àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí mẹ́ta dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn.

Ọ̀kan nínú wọn ní, “Ẹ má ṣèyọnu. A lọ́wọ́.”

“Kí ló dé?”

“Sista Fúnmi, ẹ̀yin kọ́ lẹ gba àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ wa? Ìgbà tó sì kan ti ìparí, ẹ ò jẹ́ ká ṣe é. Ẹ lò wá tán nìyẹn ṣá.”

Kí n tó la ẹnu, Sàkírù dé. Ó ní, “Fúnmi kọ́. Èmi ni mo gbé e fún wọn.” Wọ́n kọjú ìbínú sí i, wọ́n pè é ní ọmọ ẹ̀yìn Kìrìsìtẹ́nì. Mo dúró síbẹ̀, mo gbọ́ ọ, mi ò sọ pé mo bẹ̀ ẹ́ ni. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé, kò sẹ́ni tó wá to àga. Àwọn ọmọ Tósìn ní, “Ẹ ò rí wọn? A ti wí.” Ohun tí a fi odidi ọdún kan kọ́ tú láàrin ọjọ́ mẹ́rin. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Èmi ni mo la ògiri náà lẹ́nu.

Àwọn ọ̀gá ò jẹ́ kó pẹ́. Wọ́n pe àwọn Kìrìsìtẹ́nì lọ́tọ̀, wọ́n ṣèlérí yàrá kan lẹ́yìn ilé ìkówèésí fún wọn. Wọ́n pe àwọn Mùsùlùmí lọ́tọ̀, wọ́n ṣèlérí ilẹ̀ lẹ́bàá fẹ́ǹsì. Olúkúlùkù wọn gbà á kíákíá, kí èkejì má bàa gba èyí tó dáa jù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ̀wé sí àwa mẹ́ta: ẹni tí kò bá yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, tí kò sì tọrọ àforíjì pé òun di géètì, kó máa lọ sílé fún ọdún méjì. Ọdún tó gbẹ̀yìn ni Sàkírù wà.

Tósìn ló kọ́kọ́ yọ. Ó ní òun ti gbàdúrà sí i, Ọlọ́run sì ní kí òun yọwọ́. Mo bú u lọ́jọ́ náà, mo pè é ní ojo. Mo wá gbọ́ lọ́jọ́ kẹta pé wọ́n ti pe ìyá mi.

Mo bá Màámi níwájú ọ́fíìsì ọ̀gá yẹn nínú sùtánà wọn, lẹ́sẹ̀ lásán. Wọ́n kúnlẹ̀ fún ọkùnrin tí wọ́n lè bí lọ́mọ.

“Màámi, ẹ dìde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde.”

“Mi ò ní dìde. Fúnmiláyọ̀, bàbá rẹ ti kú. Ta lo fẹ́ kí n máa wò? Bá mi fọwọ́ sí ohun tí wọ́n ní kí o fọwọ́ sí.”

Wọ́n ti tẹ ìwé náà sílẹ̀ dè mí. Mo kà á. Ó ní Sàkírù nìkan ló gbèrò pé ká di géètì, pé ó tàn mí ni, àti pé mi ò mọ ohun tí mo ń ṣe. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á, kí n má bàa rí i sọ lọ́la pé kò yé mi. Mo fọwọ́ sí i.

Mo wá Sàkírù lọ sábẹ́ igi máńgòrò, mo sọ fún un.

Ó ní, “Kí ló wà nínú ìwé náà?”

Mo kà á fún un bó ṣe wà lórí mi. Kò bú mi. Mo fẹ́ kó bú mi.

“Ṣé ọkàn Màámi ti balẹ̀?”

“Ó ti balẹ̀.”

“Ó dáa. Jẹ́ kí wọ́n lọ sinmi.”

Ó kọ̀, kò tọrọ àforíjì. Ó ní bí òun náà bá yọ, kò ní sí orúkọ kankan tó kù lórí lẹ́tà tí a kọ nítorí gbọ̀ngàn, á wá dà bí ẹni pé a ò fẹ́ ẹ rí. Wọ́n lé e lọ. Nígbà tí ọdún méjì pé, tó padà wá, wọ́n ní wọn ò rí fáìlì rẹ̀ mọ́. Ó lọ, ó bọ̀, títí ó fi sú u. Ó ti wà nídìí iṣẹ́ wẹ́dà bàbá rẹ̀ báyìí, iná irin sì ti ń ba ojú rẹ̀ jẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ní kí n kọ ọ́, ẹ óò bi mí pé kí la rí gbà níbẹ̀. Àwọn Kìrìsìtẹ́nì ò rí yàrá, àwọn Mùsùlùmí ò rí ilẹ̀. Gbọ̀ngàn ti ní páànù tuntun, wọ́n ń gbéyàwó níbẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Mo gbọ́ pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ méjèèjì ò kí ara wọn dáadáa mọ́, wọn ò sì mọ ohun tó fa ìjà náà. Mo máa ń gbìyànjú láti sọ fún ara mi pé ọdún kan yẹn ò lè jẹ́ asán. Lọ́pọ̀ ọjọ́, mi ò gbà á gbọ́.

Lẹ́tà kan wà tí mi ò tíì kọ. Ó yẹ kó lọ sí ọgbà náà, kó sọ pé èmi ni mo dábàá géètì, àti pé irọ́ ni mo fọwọ́ sí. Bóyá wọ́n á wá fáìlì Sàkírù rí bí wọ́n bá gbà á. Bóyá wọ́n á sì gba ìwé ẹ̀rí tèmi lọ́wọ́ mi, kí n wá kúrò nídìí iṣẹ́ tíṣà. Àìmọye ìgbà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà náà. Mi ò kọ ọ́ kọjá ìkíni rí. Ìgbìmọ̀ tí ẹ fẹ́ dá sílẹ̀ dáa, ṣùgbọ́n ẹ má fi irú mi jókòó láàrin.

Nínú Ràmàdáánì tó kọjá, ìyá Sàkírù pè mí wá ṣínu lọ́dọ̀ wọn ní Ṣáṣá. Ọdọọdún ni wọ́n ń pè mí, mo sì ń lọ. Ní ọdún àkọ́kọ́, mo lọ nítorí kí n lè jẹ́wọ́. Lọ́dún yìí, àlejò kan wà níbẹ̀, obìnrin àdúgbò. Ìyá Sàkírù gbé abọ́ ẹ̀wà àti dòdò síwájú mi, wọ́n gbé ọwọ́ lé mi léjìká.

Wọ́n sọ fún àlejò náà pé, “Ẹ wo ọmọ yìí dáadáa. Kìrìsìtẹ́nì ni o. Nígbà tí gbogbo wọn sá fi Sàkírù sílẹ̀ ní yunifásítì, òun nìkan ló dúró tì í. Sàkírù ló sọ fún mi. Ojoojúmọ́ ni mò ń ṣe àdúà fún un.”

Sàkírù wà lódìkejì tábìlì, ó ń jẹ èso dàbínù, kò gbójú sókè.

Mo ní, “Ẹ ṣeun, Màámi.” Mo sì jẹun.